Àpótí Tí Wọ́n Dábùú Láti Ìta

Ẹja mẹ́rìnlá ni wọ́n bá pẹ̀lú Léopold Dancause nínú àpótí náà, gbogbo wọn ló sì wà láàyè. Òun nìkan ló kú.

Sájẹ́ńtì Rolande Thivierge dúró nínú ẹrẹ̀ tó mù ún dé ọrùn ẹsẹ̀, ó ń wo bí àwọn ọlọ́pàá méjì ṣe ń gbé òkú náà sórí pákó. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni, nínú oṣù kẹwàá. Omi ti fà sẹ́yìn kúrò ní etí ilẹ̀ Anse-aux-Joncs títí ó fi kù díẹ̀ kó pé kìlómítà kan. Àwọn ará ibẹ̀ kì í pe Saint-Laurent, omi ńlá yìí, ní odò. Òkun ni wọ́n ń pè é, nítorí iyọ̀ wà nínú rẹ̀, ó sì ń kún, ó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Lódìkejì lọ́hùn-ún, àwọn òkè àríwá dúdú bí aró.

Ọgbà ẹja Léopold ta láti etí ilẹ̀ wọ inú ẹrẹ̀ lọ tààrà: ẹ̀ka igi tí wọ́n hun mọ́ òpó, bí àwọn baba ńlá wọn ti ń hun ún kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ àwọ̀n ọ̀rá. Ẹja kan wà tó gùn bí ejò, tó máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí òkun nígbà tí ewé bá ń wọ́. Á kọlu ọgbà náà, á tẹ̀lé e lọ títí, títí á fi bá ara rẹ̀ nínú àpótí tó wà ní ìparí. Àpótí Léopold ló tóbi jù ní gbogbo etíkun náà. Ó gùn tó ibùsùn, pákó rẹ̀ nípọn, ìdérí rẹ̀ wúwo. Ẹni tó bá fẹ́ kó ẹja inú rẹ̀ ní láti wọlé ni.

"Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin," ni ọ̀gá ọlọ́pàá àdúgbò wí. "Ó wọlé, ìdérí já lù ú, kò lágbára láti gbé e, omi dé. Ọ̀rọ̀ tán."

Rolande ń wo ọwọ́ òkú náà. Gbogbo èékánná rẹ̀ ló ti ya.

"Ta ló rí i?"

"Èmi ni." Ọkùnrin arúgbó kan tó wọ bàtà rọ́bà dé itan ló dáhùn. Armel Pinchaud ni orúkọ rẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ ló bá ti Léopold pààlà. "Mo rí i pé ẹyẹ pọ̀ lórí àpótí. Mo ní kí n lọ wò ó. Mo yọ igi ìdábùú, mo gbé ìdérí, ó sì wà níbẹ̀."

"Ẹ dúró ná, Bàbá Pinchaud. Ẹ yọ kí ni?"

"Igi ìdábùú. Ó wà nínú òrùka irin méjèèjì. Mo tiẹ̀ fi òkúta lù ú kó tó jáde, omi ti mú un wú."

Rolande yíjú sí ọ̀gá ọlọ́pàá. Ọ̀gá náà ń họ ọrùn. Ìdérí lè já lu ènìyàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n igi kì í dìde fúnra rẹ̀ láti lọ kọjá nínú òrùka méjì lóde àpótí.

Ó gbé igi náà lọ́wọ́. Tuntun ni. Ẹni tó gbẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbẹ́ ẹ, ó sì wọ̀n ọ́n kí ó bá òrùka mu. Ìbínú òjijì kọ́ nìyí. Ẹnì kan ti jókòó, ó ti ro ikú yìí, ó sì ti fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ.

"Ẹ mọ̀ pé gbogbo ìlú ló ń sọ pé ẹ̀yin lẹ pa á?" ni ó bi Armel.

"Kí wọ́n máa sọ ọ́," ni Armel wí. "Mo bá a jà. Ọgbà rẹ̀ ti yà wọ iwájú ilẹ̀ mi, ó ń gba ẹja mi. Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, lójú àlùfáà, mo sọ fún un pé ọgbà yẹn ni yóò pa á. Ẹnu mi ò dáa, Màdámù. Ọwọ́ mi ló mọ́."

Rolande gbà á gbọ́, kì í sì í ṣe nítorí ojú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé òun ló pa Léopold, kí ló fẹ́ dárúkọ igi ìdábùú fún? Ì bá ti sọ ọ́ sínú omi, ì bá ní ìdérí já lù ú, ọ̀gá ọlọ́pàá yìí ì bá sì ti lọ sílé lọ jẹun. Armel fúnra rẹ̀ ló sọ ọ̀rọ̀ tó sọ jàǹbá di ìpànìyàn, kò sì mọ̀ pé òun sọ ọ́.

"Ọgbà tiyín ńkọ́, ṣé ẹ rí ẹja lọ́sẹ̀ yìí?"

"Ọgbà wo? Ìjì ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti wó o lulẹ̀, ó wó ti gbogbo wa. Láti ọjọ́ Àìkú, kò sẹ́ni tó kó ẹja kan ní etíkun yìí. Ti Léopold nìkan ló dúró, òun náà ò sì rí ibi gbà dé ìdí rẹ̀ títí di àná." Armel tutọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Àpótí yẹn burú. Òun kọ́ ló kọ́kọ́ pa."

"Ta ló kọ́kọ́ pa?"

"Anselme Lizotte. Ọdún márùnlélógójì sẹ́yìn. Òun ló ni ilẹ̀, òun ló ni ọgbà, Léopold sì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ bí ilẹ̀ wa ṣe rí, tín-ín-rín láti orí òkè dé etí omi. Ẹni tó bá ni ilẹ̀, òun ló ni ẹja tó bá kọjá níwájú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan Léopold sáré wá sílé, ó ní òun bá ọ̀gá òun nínú àpótí, ó ti kú, ìdérí já lù ú. Kí ọdún tó yí po, ó ti gbé Aurore, opó Anselme, níyàwó. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ní ilẹ̀."

"Anselme bímọ?"

"Ẹyọ kan. Colombe. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà náà. Léopold ló tọ́ ọ dàgbà. Òun ló ń yan ẹja rẹ̀ fún un títí di òní."

Omi ti ń padà bọ̀, ó ń rá pálá lórí ẹrẹ̀ bí ejò. Wọ́n gbé òkú, wọ́n kọrí sí ilẹ̀.

*

Normand Dancause ń dúró dè é ní ilé ìdáná olóògbé, ó ti wọ aṣọ dúdú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Léopold ni. Ní ìlú Québec ló ń gbé, ilé etíkun ló ń bá àwọn ọlọ́rọ̀ wá.

"Ẹ ò ní wàhálà kankan, Sájẹ́ńtì," ni ó wí. "Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i. Lánàá, aago mẹ́ta ọ̀sán, mo dúró lójú fèrèsé yìí. Àbúrò bàbá mi wà nídìí àpótí, Armel Pinchaud dúró tì í, ó ń ju ọwọ́ sókè. Ìjà ni wọ́n ń jà."

"Aago mẹ́ta?"

"Mo wo aago."

Rolande ṣí àpò, ó mú ìwé pélébé kan jáde. Bàbá rẹ̀ ló ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà lórí odò yìí fún ọgbọ̀n ọdún. Kí Rolande tó mọ ìwé kà ló ti mọ ìgbà tí omi ń kún àti ìgbà tó ń fà. Ó fi ìka tọ ojú ìwé náà.

"Lánàá, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni omi fà tán. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kún tán. Ní ìdí àpótí yẹn, lákòókò tí o sọ yìí, omi ga ju ènìyàn méjì tó gun ara wọn léjìká lọ. Lórí kí ni Bàbá Pinchaud dúró sí, Normand? Ṣé ó ń fò ni?"

Normand yíjú sí fèrèsé.

"Ọmọ etíkun ni ọ́, o sì gbàgbé omi," ni Rolande wí. "Ó ti pẹ́ tí o ti ń ta á fún àwọn ẹlòmíràn. Níbo lo wà lánàá gan-an?"

"Ní Québec. Láti àárọ̀ dé alẹ́. Ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ni mo wà, ẹ pè é." Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Armel ò fẹ́ ta ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ kọ́ òtẹ́ẹ̀lì, ilẹ̀ méjèèjì ni wọ́n fẹ́ pa pọ̀. Mo rò pé bí ọlọ́pàá bá yọ ọ́ lẹ́nu díẹ̀..."

"O fẹ́ fi òkú àbúrò bàbá rẹ lé aládùúgbò rẹ̀ kúrò nílé. Káàbọ̀ sílé o."

Ó pe agbẹjọ́rò náà lójú rẹ̀. Òótọ́ ni, Normand wà ní Québec láti aago mẹ́jọ àárọ̀.

*

Ilé ẹja yíyan wà lẹ́yìn ilé ńlá, pákó rẹ̀ ti dúdú, ó ń run èéfín àti ọ̀rá. Colombe Lizotte ga, egungun rẹ̀ nípọn, irun rẹ̀ ti funfun níwájú. Ó ń fi ìwọ̀ gbé ẹja kọ́ sókè orí iná.

"Ẹ wọlé, Sájẹ́ńtì. Ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ooru má sá."

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù."

"Ẹ ṣeun."

Omijé kò sí lójú rẹ̀. Rolande kò fi ìyẹn ṣe ẹ̀sùn. Àwọn obìnrin etíkun kì í sunkún lójú àlejò. Ó bi í pé ìgbà wo ló rí Léopold gbẹ̀yìn.

"Lánàá, nígbà tí aago mẹ́sàn-án kù díẹ̀. Ó ń lọ sí ìdí ọgbà. Ó dá lọ."

"Kò padà wá, ẹ ò sì wá a?"

"Ó máa ń lọ sọ́dọ̀ Normand láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé ibẹ̀ ló lọ."

Àgbá igi kan wà ní kọ̀rọ̀, ó kún fún omi iyọ̀. Rolande yọjú wo inú rẹ̀. Ẹja bí ogún wà níbẹ̀, awọ wọn ṣì ń dán.

"Ìyá ìyá mi náà ń yan irú èyí," ni Rolande wí. "Mi ò rántí mọ́. Ọjọ́ mélòó ló ń lò nínú iyọ̀?"

"Ọjọ́ mélòó kẹ̀?" Colombe yí padà, bí ẹni tí wọ́n bú iṣẹ́ rẹ̀. "Òru kan péré. Tó bá lò tó méjì, ẹ sọ ọ́ nù, awọ bàtà ló dà. Àwọn tó ń tà á ní ìlú ò mọ ìyẹn. Èmi ò fi ẹja sílẹ̀ ju òru kan lọ rí."

"Mo gbọ́," ni Rolande wí. Ó dúpẹ́, ó jáde. Ní ìta ó dúró díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, ọkàn rẹ̀ kò sì fúyẹ́.

Ó ti mọ ẹni tó ṣe é. Ohun tó kù ni ìdí rẹ̀.

*

Ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ ni wọ́n sọ di Ilé Àjogúnbá ní Anse-aux-Joncs. Máàpù ilẹ̀ àwọn baba ńlá wà lára ògiri, ilẹ̀ tín-ín-rín tín-ín-rín bí eyín òòyà, orúkọ ìdílé lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí ọ̀kan wọ́n ti pa Lizotte rẹ́, wọ́n ti kọ Dancause.

Wọ́n fẹ́ fún Léopold ní àmì ẹ̀yẹ lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò jẹ́ kí iṣẹ́ àwọn baba wọn parun. Nítorí náà ló ṣe jókòó níwájú ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, tó sọ ìtàn ayé rẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Colombe ló tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, nítorí òun ni akọ̀wé ilé náà. Ọgọ́ta ojú ìwé, kò ṣi ẹyọ lẹ́tà kan.

Rolande gbé ìwé náà síwájú, ó fi kásẹ́ẹ̀tì sínú ẹ̀rọ, ó ń fi etí gbọ́, ó ń fi ojú kà. Léopold sọ̀rọ̀ nípa òtútù, nípa yìnyín, nípa ẹṣin tó rì nínú ẹrẹ̀. Ohùn rẹ̀ dùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ní kásẹ́ẹ̀tì kejì, ó dé orí ọ̀rọ̀ ikú Anselme.

Nínú ìwé, wọ́n kọ ọ́ báyìí: "Mo dé ibẹ̀, mo gbé ìdérí, ó sì wà níbẹ̀."

Ohùn arúgbó náà sì sọ pé: "Mo dé ibẹ̀, mo yọ igi ìdábùú, mo gbé ìdérí, ó sì wà níbẹ̀."

Rolande dá a padà, ó tún gbọ́ ọ. Ó tún dá a padà. Ọ̀rọ̀ tí Armel sọ fún un ní òwúrọ̀ ni, kò yàtọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n Armel kò ní ohun tó ń fi pamọ́. Ọdún márùnlélógójì sẹ́yìn, Léopold sọ fún ọlọ́pàá pé ìdérí já lu ọ̀gá òun; kò dárúkọ igi kankan. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Èyí rìn ju ogún lọ. Ó rìn títí ẹni tó pa irọ́ náà fi gbàgbé ohun tó yẹ kó fi pamọ́.

Akọ̀wé tí kò ṣi lẹ́tà kan nínú ọgọ́ta ojú ìwé kò lè ṣèèṣì fo gbólóhùn kan. Ó gbọ́ ọ. Ó sì mú un, ó fi pamọ́ fún ara rẹ̀.

*

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí Rolande padà wọ ilé ẹja yíyan.

"Ẹ jókòó, Colombe."

"Ẹja ń bẹ lórí iná. N ó dúró."

"Ẹja inú àgbá yẹn, ẹ sọ pé òru kan ló lò nínú iyọ̀. Láti ọjọ́ Àìkú kò sẹ́ni tó kó ẹja ní etíkun yìí, àfi ọgbà tiyín lánàá. Bàbá yín lọ síbẹ̀, kò padà. Ta ló gbé ẹja wálé?"

Colombe wo àgbá náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ nínú ọ̀nà ọ̀fun.

"Ó ti kó wọn sínú garawa fún mi tán, kó tó padà wọlé lọ gbọ́n ẹrẹ̀. Mi ò lè da ẹja tútù sílẹ̀ fún ẹyẹ. Wọn ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀."

"Ta ni kò tọ́ yín bẹ́ẹ̀?"

"Òun náà ni."

"Mo gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yẹn," ni Rolande wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Èmi gbọ́ ọ títí okùn rẹ̀ fẹ́ẹ̀ já." Ìgbà yìí ló tó jókòó, lórí àpótí igi ìdáná. "Ọdún márùnlélógójì ni mo fi pè é ní Bàbá. Nígbà tí ìyá mi ń kú lọ, òun ló di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó wá jókòó síwájú ẹ̀rọ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ bó ṣe bá bàbá mi nínú àpótí. Irọ́ tó pa ti bọ́ lọ́kàn rẹ̀, Sájẹ́ńtì. Òtítọ́ nìkan ló kù níbẹ̀."

"Ẹ̀ bá ti wá bá wa."

"Kí ẹ ṣe kí ni? Gbólóhùn kan lẹ́nu arúgbó. Ẹ̀ bá kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀ bá mu kọfí, wọn ì bá sì fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ ọ láyà lọ́jọ́ Àìkú."

Rolande mọ̀ pé òótọ́ ló sọ.

"Igi àtijọ́ ti jẹrà," ni Colombe ń bá a lọ. "Mo gbẹ́ òmíràn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi gbẹ́ ẹ, lẹ́bàá iná, lójú rẹ̀. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní àpótí ni. Ó ní, 'O ṣeun, ọmọ mi.' Lánàá, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, mo pa ìdérí dé, mo ti igi bọ̀ ọ́. Ó rò pé afẹ́fẹ́ ni. Ó ń pè mí pé kí n wá ran òun lọ́wọ́. Mo jókòó lórí ìdérí. Mo bi í pé, 'Léopold, kí ni Anselme wí nígbà tí o ti igi bọ̀ ọ́?' Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ pè é ní ìwọ."

"Ó dáhùn?"

"Ó ní orí mi ti dàrú. Ó bú mi. Ó bẹ̀ mí. Ó ní ìyá mi ń wò mí láti ọ̀run. Mo ní bàbá mi náà ń wò ó. Nígbà tí omi dé orúnkún mi níbi tí mo jókòó sí, ó dáhùn. Ó ní, 'Orúkọ rẹ ló ń pè. Colombe, Colombe, ó ń pè ọ́ títí tí mi ò fi gbọ́ ọ mọ́.'"

Ọ̀rá ẹja kán sínú iná, ó ta.

"Ó tọrọ àforíjì?"

"Ó tọrọ rẹ̀. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo gbé garawa mi, mo ń wọ́ omi lọ sílé."

"Ẹ̀san yín ti pé, àbí?"

"Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n gba bàbá lọ́wọ́ rẹ̀," ni Colombe wí. "Àgbàlagbà ló gbẹ̀san. Kò lè pé."

Ó dìde, ó sọ gbogbo ẹja orí iná kalẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí pákó, ó da omi sí iná. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ méjèèjì fún ìdè.

*

Ọ̀nà tó lọ sí ìlú ńlá gba ẹ̀gbẹ́ ibojì ṣọ́ọ̀ṣì kọjá. Colombe ní kí Rolande dúró. Kò yẹ kó dúró, ó sì dúró.

Òkúta kan ṣoṣo ló wà fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Anselme Lizotte ni wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ sí i, Aurore tẹ̀lé e, Léopold Dancause wà nísàlẹ̀. Ó ti ní kí wọ́n gbẹ́ orúkọ òun síbẹ̀ láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n bí i, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún ọdún ikú.

"Kí òfin ṣe mí bó bá ṣe wù ú," ni Colombe wí. "Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ má sin ín síbí. Ẹ má tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ìyá mi, kí bàbá mi tún máa wò ó."

"Iṣẹ́ ọlọ́pàá kọ́ nìyẹn. Ọwọ́ Normand ló wà."

"Ẹ bá mi pè é."

Rolande mú fóònù. Ó sọ ohun tí Léopold ṣe ní ọdún márùnlélógójì sẹ́yìn fún Normand, kò fi nǹkan kan bò.

"Mo mọ Bàbá Anselme nínú àwòrán nìkan," ni Normand wí, ohùn rẹ̀ gbẹ. "Mi ò ní sin ín síbẹ̀. N ó ní kí wọ́n sun ún. N ó da eérú rẹ̀ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀."

Rolande sọ ọ́ fún Colombe bó ṣe gbọ́ ọ. Colombe ronú sí i. Lẹ́yìn òkúta náà, lókè ẹrẹ̀, odò ti kún, ó fẹ̀, ó ń dán.

"Ẹ sọ fún un kó má dà á sínú omi," ni ó wí. "A ń jẹ ẹja ibẹ̀."